Ṣé mo lè ra ìbọn kí n sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín ní Òmù-Àrán, nítorí àwọn ajínigbé?

Ìwé àṣẹ ló ṣáájú, ẹ̀kọ́ ló tẹ̀ lé e. Lábẹ́ òfin ìbọn ọdún 1959, ìbọn ìléwọ́ kò sí fún aráàlú, àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ìbọn ọdẹ àti ṣakabùlà lèèyàn lè gba àṣẹ fún, kì í sì í yá.

Penal Code, ìyẹn òfin tó dá lórí ìwà ọ̀daràn, la ń lò ní Kwara tí Òmù-Àrán wà. Ó gbà ọ́ láyè láti gbèjà ara rẹ àti dúkìá rẹ, àmọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ohun tó pọn dandan. Olè tó ti sá lọ, tó o ṣì lé bá tó o ṣá ládàá, ìwọ lo máa jẹ́jọ́ o! Lójú tèmi, kàrátè sàn jù. Kò gba ìwé àṣẹ kankan.