Ọmọ mi wà nídìí iná, kí ló dé tá a wà lókùnkùn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ríṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ mànàmáná. Ó ní ìlànà ìjọba lòun ń bójú tó. Àwọn ará àdúgbò ní kó bá wa wá tiransifọ́mà. Ṣé ó lágbára ẹ̀? — Ìyá Fọlákẹ́, Ìgbógbó, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ọmọ o. Kò lágbára ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ yẹn lèmi náà ń ṣe, àwọn aládùúgbò mi ò sì gbà mí gbọ́, pàápàá torí pé Ẹ̀gbin, níbi tí ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń pèsè iná wà, ò jìnnà sí wa.

Tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣòfin fún àwọn ilé-iṣẹ́ mànàmáná, bá fẹ́ ṣe ìlànà tuntun, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e síta kí àwọn tọ́rọ̀ kàn dá sí i. Àwa la ó kà á láti òkè délẹ̀, ká tó pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jọ. Wàhálà dé nìyẹn! Ẹni tó ń pèsè iná ń béèrè gbèsè. Ẹni tó ń pín in ní oníbàárà ò sanwó. Nínú ariwo yìí la ó ti kọ lẹ́tà kan ṣoṣo tí gbogbo wọn á fọwọ́ sí.

Òfin Iná Mànàmáná ọdún 2023 tún dá kún un. Ìpínlẹ̀ lè ṣàkóso iná tirẹ̀ báyìí. Èkó ti ní àjọ tirẹ̀ tó ń ṣe bíi ti NERC, ìyẹn LASERC. Ìwé dé láti ọ̀tún, ó dé láti òsì.

Ní ti tiransifọ́mà, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún yín ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí. Ẹ má dáwó rà á láìgba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ wọn nípa bí wọ́n ṣe máa dá owó yín padà.