Bàbá ni àbí ọmọ? Owó Róòmù tí CONSTANTINVS wà lórí rẹ̀

Ẹ má tíì gba ẹni tó ta owó Róòmù yìí fún yín gbọ́. Ẹ ní CONSTANTINVS ló wà níwájú, òòṣà tí ìtànṣán yọ lórí rẹ̀ ló wà lẹ́yìn, àwọ̀ ewé ti bo apá kan, ọlọ́jà sì búra pé Constantine Ńlá, ọba Róòmù, ni. Ó lè jẹ́ òun, ó sì lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn, àwọn méjèèjì ló sì wà lórí owó láyé kan náà. Ẹ má wo ojú, oyè tó tẹ̀ lé orúkọ ni kẹ́ ẹ wò. IMP CONSTANTINVS AVG ni bàbá, bẹ́ẹ̀ náà ni CONSTANTINVS MAX AVG: AVG ni Augustus, oyè ọba àgbà, IMP ni ọ̀gá ogun, MAX ni ẹni tó tóbi jù. Tó bá jẹ́ CONSTANTINVS IVN NOB C lẹ rí, ọmọ nìyẹn: IVN ni kékeré, NOB C ni Késárì ọlọ́lá, oyè àrẹ̀mọ tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ní 317. Ọmọ kò di AVG títí bàbá fi kú ní 337.

Ẹ ka lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá sí N láàárín I àti V, CONSTANTIVS nìyẹn, ẹlòmíì pátápátá ni: ó lè jẹ́ bàbá Constantine tó kú ní 306, ó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀ mìíràn. Ọlọ́jà tó ń kánjú kì í rí N yẹn.

Òòṣà ẹ̀yìn: tó bá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, tó di ayé róbótó mú lọ́wọ́ òsì, tí aṣọ já lé e léjìká, Sol ni, òòṣà oòrùn. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ yí i ká ni SOLI INVICTO COMITI, ìyẹn ni pé Oòrùn tí a kì í ṣẹ́gun ni alábàárìn ọba. Tó bá jẹ́ CLARITAS REIPVBLICAE ló yí Sol ká, ẹ yáa padà síwájú owó lọ wá NOB C, torí ti àwọn ọmọ ọba nìyẹn sábà máa ń jẹ́, Crispus tàbí Constantine kékeré. Tí idì bá wà lẹ́sẹ̀ òòṣà, tí wọ́n kọ IOVI CONSERVATORI, Júpítà ni, owó Licinius, ọba tó ń bá Constantine jọba, ni irú ẹ̀ sì pọ̀ sí. Ẹnì kan á sọ fún yín pé Constantine ti di Kristẹni ní 312, nítorí náà owó Sol tó tẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ayédèrú ni. Irọ́ ni. Wọ́n ń tẹ Sol sórí owó bàbà rẹ̀ títí di bíi 318.

Irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 3 sí 4 àbọ̀, ó sì máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 18 sí 24. Tí tiyín bá jẹ́ mìlímítà 16 péré, sójà méjì ló sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe Sol.

Lẹ́tà abẹ́ ẹsẹ̀ òòṣà ló ń sọ ìlú tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. PLN ni London, PTR ni Trier, PLG ni Lyon, PARL ni Arles. Owó London máa ń wọ́n jù, nítorí náà G tó ti parẹ́ díẹ̀ á di N lẹ́nu ọlọ́jà. CONST kì í ṣe Constantinople (Istanbul òde òní) o, Arles ni, lẹ́yìn tí wọ́n sọ ìlú náà ní Constantina. CONS ni Constantinople. Sol ti kúrò lórí owó bàbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ owó níbẹ̀, ẹni tó bá ní òun ń ta Sol láti Constantinople, ẹ dá a lóhùn bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ á wá sórí àwọ̀ ewé yẹn, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣègbé. Èyí tó le, tó sì ń dán, ó ń dáàbò bo owó ni, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́, tó rí lẹ́búlẹ́bú bí ẹfun, tó tún yọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ nù ún, àrùn idẹ nìyẹn. Iyọ̀ kúlóráìdì láti inú ilẹ̀ ló ti wọ inú idẹ. Tí ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ bá kàn án, á di ásíìdì, ásíìdì á jẹ bàbà, á sì tún bí kúlóráìdì tuntun tí yóò jẹ òmíràn. Ìdí nìyẹn tí fífọ̀ lásán kì í fi tán an. Àwọn ògbóǹtarìgì á ní kẹ́ ẹ "tọ́jú ẹ̀ síbi gbígbẹ", wọ́n á sì pa ẹnu dé. Gbígbẹ tó báwo? Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tí kò tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó yẹ kí wọ́n lè sọ ìyẹn.

Ẹ yà á sọ́tọ̀. Ẹ fi igi ìtayín ha lẹ́búlẹ́bú náà kúrò lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi, títí ẹ ó fi kan ibi tó le. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi distilled (omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò), kì í ṣe omi ẹ̀rọ, torí kúlóráìdì wà nínú tẹ̀rọ. Lójoojúmọ́ lẹ ó pààrọ̀ omi náà fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún oṣù kan ó kéré tán. Tí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ po sodium sesquicarbonate (irú iyọ̀ kan tó ń fa kúlóráìdì jáde) gíráàmù 50 sínú omi distilled lítà kan, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó lè gba oṣù, ó sì lè yí àwọ̀ owó padà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi distilled ṣan án fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ tì í bọ acetone kó lé omi jáde, ẹ gbẹ ẹ́ nínú ovun ní bíi 100°C fún wákàtí kan. Kí acetone ti gbẹ tán pátápátá kó tó wọ ovun, iná ni ó máa ń gbà. Ẹ má fi wax kùn ún lójú ẹsẹ̀! Ẹ kọ́kọ́ wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí tí iyọ̀ bá ṣẹ́ kù, wax á tì í mọ́nú. Lẹ́yìn náà, àpótí tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, pẹ̀lú silica gel (hóró tó ń fa ọ̀rinrin). Tí silica gel yẹn bá ti mu omi yó, ẹ gbẹ òun náà nínú ovun.

Ọtí kíkan, ọsàn wẹ́wẹ́, Coca-Cola: rárá. Ọ̀pọ̀ owó Sol ló ní fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú, ásíìdì á ṣí i kúrò. Èyí tó tún burú jù ni pé nínú èépá àwọ̀ ewé gan-an ni lẹ́tà tó kù máa ń wà. Ẹ bá ṣí i, IVN àti MAX á jọ lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè dá yín lóhùn mọ́.

Tí àwọ̀ ewé náà bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí òróró, àrùn kọ́. Ọ̀rá ìfowósí rírọ̀ tí wọ́n fi PVC (irú ike kan) ṣe ló fà á. Acetone á yọ ọ́, ojúlówó acetone, kì í ṣe ti ìnu-èékánná olóòórùn dídùn. Ẹ ju ọ̀rá yẹn nù.

Rírà lẹ rà á, òfin tí mo fẹ́ sọ kò kàn yín. Àmọ́ ẹni tó bá fi ẹ̀rọ wá a rí nínú ilẹ̀ ní England, tó sì tó mẹ́wàá lójú kan, tó ti lé ní 300 ọdún, ìṣúra ni lábẹ́ òfin ìṣúra (Treasure Act) ọdún 1996, kódà kó jẹ́ bàbà. Láàárín ọjọ́ 14 ni kó sọ fún coroner, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí irú ìṣúra bẹ́ẹ̀. Kó gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn, torí wọ́n mọ bí a ṣe ń gba nǹkan ju bí a ṣe ń dáhùn lẹ́tà lọ.

Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó fi omi kankan kàn án. Kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ òsì wá, nílẹ̀ nílẹ̀, kó lè ju òjìji lẹ́tà síta. Kẹ́ ẹ fi ìwọ̀n gíráàmù àti fífẹ̀ rẹ̀ kún un, kẹ́ ẹ sì kọ gbogbo lẹ́tà tó wà lẹ́yìn CONSTANTINVS bẹ́ ẹ ṣe rí i, kódà bó jẹ́ ìdajì lẹ́tà ló kù.