Ọmọ mi ń fi Gáà ṣeré

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Manchester là ń gbé, ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọkọ mi. Láti ìgbà tí ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti wo fíìmù Gáà, Baṣọ̀run Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́, lórí Netflix, ló ti ń fi aṣọ ìbora ṣe agbádá, tó ń ní kí àbúrò rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún òun. Lọ́jọ́ Sunday, ó sọ fún ìyá ọkọ mi lórí fóònù pé òun ni Gáà. Ìyá dákẹ́ lọ gbári. Wọ́n wá ní, "Má pe ara rẹ bẹ́ẹ̀ mọ́ láé." Ṣé kí n má jẹ́ kó wò ó mọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ kó máa wò ó, ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í. Ọmọbìnrin tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní Toronto níbí. Gáà ti wà nínú eré tipẹ́; Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ Ọ̀yọ́, ti kọ ọ́ ní eré onítàn látọdún 1972. Ọfọ̀ àti ohùn ló ń wọ àwọn ọmọ lára.

Ìyá ò ṣàṣejù rárá. "Bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́": ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tọ́ wa nìyẹn, kí a tó mọ ẹni tí Gáà jẹ́.

Oyè Baṣọ̀run tí Gáà jẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ là yé e. Ọmọ mi rò pé Baṣọ̀run túmọ̀ sí ìkà! Oyè ńlá ni, ó ṣì wà ní Ọ̀yọ́ dòní, òun ni olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tó ń fọba jẹ. Láyé àtijọ́, bí Aláàfin bá ń ni ìlú lára, Baṣọ̀run ló máa ń sọ fún un pé ìlú kọ̀ ọ́, ọba á sì ṣígbá, ìyẹn ni pé á gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìlú ni wọ́n fi agbára yẹn dáàbò bò. Gáà sọ ọ́ di tara rẹ̀. Láàárín 1754 sí 1774, ọba márùn-ún ló jẹ lójú rẹ̀, òun ló sì fa ikú mẹ́rin nínú wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ fọ́n ká àwọn ìlú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tó yẹ kó dé ààfin. Abíọ́dún, ìkarùn-ún, rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún un títí ó fi ráyè ránṣẹ́ sí Ọ̀yàbì, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ní Àjàṣẹ́. Wọ́n dáná sun Gáà.

Tí ẹ bá lọ sílé, ọmọ yín á fẹ́ rí ilé Gáà. Ẹ ti sọ fún un pé Ọ̀yọ́-Ilé ló gbé, ìlú tó ti dahoro láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ọ̀yọ́ tí ìyá wà yìí, Aláàfin Àtìbà ló sọ ọ́ di olú ìlú lẹ́yìn náà.

Ẹ má fo ti Àgbọ̀nyín, ẹ jọ̀ọ́. Ìtàn ní Gáà ń wá àgbọ̀nrín fún ètùtù. Nígbà tí kò rí i, ó ní ọmọbìnrin Abíọ́dún ń jẹ́ Àgbọ̀nyín, ó sì pa á. Mo rọra sọ ọ́ fún ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó bi mí bóyá ọmọ náà mọ ìdí tí wọ́n fi wá mú un. Láti ọjọ́ náà, nígbà tí a bá tún ń ṣeré, òun ló máa ń fi Àgbọ̀nyín pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.