Kẹ́ ẹ tó ra lọ́fínńdà míì, ẹ wá ibi tí ilé ti ń rùn

Ẹ kú wàhálà àlejò o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nípa fláàtì yín tó wà ní Ajah. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní àlejò méjì ló ti ṣàròyé pé bí àwọn ṣe ṣílẹ̀kùn ni òórùn pàdé àwọn. Ẹ wá lọ ra lọ́fínńdà onísọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ẹ fi ọ̀kan sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Àlejò kẹta dé, ó ní orí ló fọ́ òun mọ́jú. Ẹ wá ń béèrè òórùn wo ni kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní dárúkọ òórùn kankan fún yín ná. Fláàtì méjì ni mo fi ń gba àlejò n'Ìbàdàn, ọ̀kan ní Bódìjà, ọ̀kan l'Ákóbọ̀, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́fà báyìí. Owó tí mo ná sórí lọ́fínńdà lọ́dún méjì àkọ́kọ́ tó ra fírìjì, àròyé ni mo sì fi rà. Ilé tó ń rùn tí wọ́n wá fi lọ́fínńdà bò, òórùn méjì ló ní. Àlejò á ti gbọ́ méjèèjì kó tó gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀.

Tiyín yìí, ihò omi ilé ìwẹ̀ ni mo fura sí. Ẹ sọ fúnra yín pé ilé máa ń ṣófo fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí àlejò míì tó dé, ẹ tún ní tó bá di ọjọ́ kejì tí èèyàn ti ń gbébẹ̀, òórùn náà á rọlẹ̀. Iṣẹ́ ihò omi nìyẹn. Lábẹ́ gbogbo ibi tí omi ń gbà lọ, ì báà jẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń wẹ̀, ì báà jẹ́ síńkì, páìpù kan wà níbẹ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ. Omi díẹ̀ máa ń dúró síbi tó tẹ̀ yẹn, òun ló ń dí òórùn sọkawéè lọ́nà kó má wọlé. Bí kò bá sẹ́ni tó wẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, omi náà á gbẹ, àgàgà nígbà ọyẹ́, ọ̀nà á sì là láti sọkawéè wá sí pálọ̀ yín. Àlejò á dé, á wẹ̀, omi á tún dúró síbẹ̀, òórùn á lọ. Ẹ̀yin á máa rò pé lọ́fínńdà ló ṣiṣẹ́.

Mo fi oṣù mẹ́rin bá ọ̀rọ̀ yìí jà ní Bódìjà. Mo pe àwọn tó ń fa sọkawéè, wọ́n fà á, mo sanwó gọbọi, òórùn ò kúrò. Bàbá kan tó ń ṣe páìpù ló bá mi yanjú ẹ̀. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n gbé omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wá. Wọ́n rọra dà á síbẹ̀, wọ́n ní kí n lọ jẹun kí n tó padà wá. Ìgbà tí mo padà dé, kò sí òórùn mọ́. Owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n gbà, ojú sì tì mí. Láti ọjọ́ yẹn, obìnrin tó ń bá mi tún ilé ṣe kì í tìlẹ̀kùn ilé tó ṣófo láì da omi sí gbogbo ihò, kó sì kán òróró ẹ̀pà ṣíbí kan sórí omi náà. Òróró á léfòó, kò sì ní jẹ́ kí omi tètè gbẹ. Tí ilé bá ṣófo ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, á yà níbẹ̀, á tún omi náà dà, á sì fa omi ṣáláńgá lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn ibòmíì tí òórùn ń gbà wá kò pọ̀ lọ títí. Ẹ̀rọ amúlétutù tí wọn ò fọ àwọ̀n inú ẹ̀ máa ń fẹ́ òórùn bí ìbọ̀sẹ̀ tútù. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń yọ tèmi, mo ń fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sì ń jẹ́ kó gbẹ kí n tó dá a padà. Fírìjì tí wọ́n pa tí wọ́n tún tìlẹ̀kùn ẹ̀ dáadáa, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ ká sọ ọ́. Ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ fi nǹkan há ilẹ̀kùn ẹ̀ kó ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Táwẹ̀lì tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ tán lásìkò òjò, tí ẹ bá da ìgò lọ́fínńdà kan sí i, bó bá ti kan omi lára àlejò, òórùn ẹ̀ á jáde. Èyí tí wọ́n ń dà sínú omi ìfọṣọ kí aṣọ lè rọ̀ kó sì máa ta sánsán, mo ti pa á tì fún táwẹ̀lì, torí ó máa ń bo òwú rẹ̀ débi pé kò ní fa omi mọ́.

Ìṣòro kan tún ni pé ẹ̀yin fúnra yín ò lè gbọ́ òórùn náà. Imú onílé ti bá ilé ẹ̀ mu. Mágáàdì àdúgbò ni mo máa ń bẹ̀: "Ẹ bá mi wọlé, kí lẹ gbọ́?" Lọ́jọ́ kan ó ní, "Màdáámù, ó dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ sùn síbí." Fóòmù yàrá kejì ni. Ọmọ kan ti tọ̀ sí i, òbí ẹ̀ ò sì sọ̀rọ̀, wọ́n kàn yí i dà. Ráùbà tí wọ́n fi ń bo fóòmù lábẹ́ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ni mo rà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò sì gba àlejò sórí bẹ́ẹ̀dì láìsí i mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ti háípò, torí ibẹ̀ ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹni ẹlẹ́ni. Ilé tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, tí kò bá ti ta òórùn izal, ìyá wa ò gbà pé a fọ̀ ọ́. Èmi náà gbé e wọ iṣẹ́ yìí. Bí obìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ bá ti fọ ilé ìwẹ̀ tán, mo fẹ́ kó gbóná nímú. Lọ́jọ́ kan ó da omi ìfọṣáláńgá tó ní ásíìdì sílẹ̀, kó tó fọ̀ ọ́ kúrò ó tún da háípò lé e, ó sì ti fèrèsé pa. Ikọ́ ni mo gbọ́ láti ìta. Gáàsì kúlórìn ló jáde látinú àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà ni háípò àti fínígà máa ń ṣe. Kódà, ẹ má da háípò sórí ìtọ̀, torí amóníà inú ìtọ̀ náà máa ń bá a ṣe gáàsì burúkú. A gbé e síta, ó mí sókè mí sódò fún wákàtí kan gbáko, Ọlọ́run yọ wá. Báyìí, ọṣẹ àti kànìnkànìn ló ń ṣáájú, torí háípò kì í ṣí ọ̀rá. Omi á ṣan ọṣẹ yẹn lọ, háípò díẹ̀ nínú omi púpọ̀ á tẹ̀lé e, á dúró níṣẹ́jú mẹ́wàá, omi á tún ṣan òun náà lọ. Fèrèsé á wà ní ṣíṣí látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ilé ìwẹ̀ kì í ta òórùn kankan tó bá yá, àwọn àgbàlagbà kan sì ti bi mí pé ṣé a fọ̀ ọ́ lóòótọ́.

Ti káńfọ̀ ló dùn mí jù. Mo máa ń sọ ọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ nítorí aáyán, mẹ́rin-mẹ́rin nínú àpò kékeré, mo sì rò pé ọgbọ́n ni. Ní Disẹ́ńbà kan, tọkọtaya kan gbé ọmọ wọn tí kò tíì pé oṣù méjì wá láti Lọ́ńdọ̀nù kí àwọn òbí lè rí i. Ìyá ìyàwó, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, wá wẹ ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi ní, "Ta ló fi káńfọ̀ síbí?" Wọ́n gba ọmọ mọ́ra, wọ́n gbé e bọ́ sí bàràńdà, wọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo aṣọ ọmọ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù síta. Wọ́n pè mí. Mo sáré dé, mo kúnlẹ̀, mo ní màmá, ẹ má bínú, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀?

Wọ́n ò jágbe mọ́ mi. Wọ́n jókòó, wọ́n là mí lọ́yẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò ní ohun kan tí dókítà ń pè ní G6PD tó, kò sì ṣọ̀wọ́n láàrin wa, ọkùnrin ló sì ń bá jù. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, tàbí tó wọ aṣọ tí káńfọ̀ wà láàrin ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, funfun ojú ẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè. Ibà pọ́njú yẹn tó bá le, ó lè dé ọpọlọ. Wọ́n ní àwọn rí i nígbà tí àwọn ń ṣiṣẹ́, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ara ọmọ náà yá, kò sí nǹkan kan tó ṣe é, ṣùgbọ́n mo kó wọn lọ sí Ákóbọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì dá owó alẹ́ kan padà. Káńfọ̀ kò wọ ilé mi mọ́. Ilé tó mọ́ ni mo fi ń lé aáyán. Ọ̀tapíápíá náà, mi ò jẹ́ kí wọ́n fọ́n ọn. Àjọ NAFDAC pàápàá ti fòfin de títa dichlorvos, oró tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀, nínú ìgò kéékèèké tí kò ju 100ml lọ, láti 2019.

Ẹ ẹ̀ ní gbàgbọ́ èyí tó kàn. Lẹ́yìn káńfọ̀, ẹnìkan sọ fún mi pé èédú máa ń fa òórùn. Òótọ́ ni, ó ń fà á díẹ̀. Mo bá kó èédú sínú àwo funfun, mo la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, mo gún kànáfùrù mọ́ ọn lára, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aago mọ́kànlá alẹ́, fóònù dún. Ọkùnrin kan tó wá ṣe ìpàdé ni. Ó ní, "Màdáámù, ẹ wá gbé ẹbọ yín." Ẹ̀rọ tó fi ń gba iná sí fóònù ló bọ́, ó bẹ̀rẹ̀ kó mú un, ojú ẹ̀ kan àwo. Mo ṣàlàyé títí, ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n inú mọ́tò ẹ̀ ló sùn. Èmi gan-an, ká ní mo bá irú ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé ẹni tí mi ò mọ̀, ṣé mà á sùn? Inú fírìjì nìkan ni èédú wà báyìí, nínú ike tó ní ìdérí tí wọ́n dá ihò sí, mo sì kọ iṣẹ́ ẹ̀ sára ike náà. Tùràrí náà, mo fẹ́ràn ẹ̀ nílé tèmi, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ kọ́tìnì kò sì ní jáde bọ̀rọ̀, ohun tó bá sì wá sọ́kàn àlejò tó tẹ̀lé e, ẹ ẹ̀ lè mọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ òórùn lẹ́yìn gbogbo èyí, ohun tí mo ń ṣe rèé. Ní wákàtí méjì kí àlejò tó dé, a ṣí gbogbo fèrèsé, àyàfi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá kọjú sí wa. A se koóko ọba, èyí tí àwọn kan ń pè ní ewé tíì, sínú ìkòkò ní kíṣìnì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a da omi ẹ̀ nù. Ó kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ nígbà tí wọ́n bá wọlé, tó bá di alẹ́ ó ti lọ. Ìgò lọ́fínńdà kan ṣoṣo wà nínú àpótí ilé ìwẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ á fọ́n ọn fúnra ẹ̀. Kò sí nǹkan onísọ́kẹ́ẹ̀tì ní yàrá tí èèyàn ń sùn. Èyí tí wọ́n ń ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ sínú ìgò epo, ẹ má gbé e sórí tábìlì oníígi. Tèmi dà, ó bó gbogbo òdà tábìlì náà. Mo sì kọ ọ́ sínú ìpolówó ilé pé a kì í fọ́n òórùn sí yàrá. Obìnrin kan tó ní ikọ́ fée rí i, ó ti wá sùn lọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ẹ yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì lónìí. Ẹ da omi sí ihò ilé ìwẹ̀ méjèèjì àti ti kíṣìnì, ẹ ti ilé pa títí di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, kẹ́ ẹ wá pe mágáàdì yín kó kọ́kọ́ wọlé. Ohun tó bá sọ, ẹ wá sọ fún mi.