Mànàmáná Lápá Ìlà-Oòrùn, Ṣé Ooru Lásán Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀pẹ́ la wà. Ọkọ mi ń pa ẹja, èmi ń tà á. Ooru oṣù Kẹrin yìí ti fẹ́ pa wá, a ò rí oorun sùn. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, mànàmáná á máa kọ yẹ̀rì lápá ọ̀nà Orè, àmọ́ a kì í gbọ́ kí àrá sán. Bàbá ọkọ mi ní mànàmáná ooru ni, pé ilẹ̀ ló ń tú ooru tó gbà lọ́sàn-án jáde, kò sí òjò nínú ẹ̀. Wọ́n tún ní afẹ́fẹ́ òkun ló ń fẹ́, pé bí òjò bá tiẹ̀ wà lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Ọkọ mi sì máa ń lọ sójú ọ̀sà lóru. Ṣé kó máa lọ? Ìgbà wo ni ooru yìí máa dẹwọ́? Fóònù mi ń gbé àwòrán àrá wá lójoojúmọ́, òjò ò rọ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọrọ̀ ajé, ìyá. Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, kó má lọ. Mo fẹ́ kí ẹ rí ìyẹn kà ná, bí ẹ ò bá tiẹ̀ ráyè ka ìyókù.

Láti ìgbà tí oṣù Kẹta ti wọlé ni wọ́n ti ń bi mí ní ìbéèrè yìí ṣáá. Ará Ìkòròdú bi mí, ará Badagry bi mí, gbogbo wọn ló ní àgbàlagbà kan tó ti sọ fún wọn pé mànàmáná tí kò dún, ooru ni. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá ọkọ yín. Wọ́n mọ ọ̀sà jù mí lọ fíìfíì. Àmọ́ kò sí ohun tó ń jẹ́ mànàmáná ooru. Ilẹ̀ kì í yọ mànàmáná, bó ti wù kí oòrùn pa á tó.

Inú àwọsánmà òjò tó ga ló ti ń wá, èyí tí orí rẹ̀ lè kọjá kìlómítà 12 sókè. Òtútù ibẹ̀ pọ̀ débi pé omi ti di yìnyín. Yìnyín wẹ́wẹ́ àti yìnyín ńlá á máa gbá ara wọn, iná á máa kó jọ lára wọn, títí tí yóò fi bẹ́. Bí kò bá sí àwọsánmà yẹn, kò lè sí mànàmáná. Tí ẹ bá ti rí i, òjò wà níbì kan.

Pé ẹ ò gbọ́ ìró rẹ̀ kò ju pé ó jìnnà lọ. Ìró àrá kì í sábà kọjá kìlómítà 15 sí 20 kó tó kú sọ́nà, bẹ́ẹ̀ ènìyàn lè rí ìmọ́lẹ̀ mànàmáná lóru láti ibi tó ju 100 kìlómítà lọ. Láti Orè sí Ẹ̀pẹ́, tí a bá fa ìlà tààrà láì tẹ̀lé títì, kò ju bí 100 kìlómítà lọ. Òjò lè máa lu àwọn ará Orè bí ẹni lu bàrà, kí ẹ̀yin jókòó síta ní Ẹ̀pẹ́ kí ẹ máa wò ó, kí ẹ má gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí bàbá fi kún un ló wá léwu jù. Lóòótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí yín lára ń ti òkun bọ̀, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ yẹn kò ga lọ títí. Ní bíi kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin sókè, afẹ́fẹ́ mìíràn ló wà níbẹ̀, tó ń sáré láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, òun ló sì ń tukọ̀ ìjì òjò àsìkò yìí. Ọkọ yín á tètè lóye èyí, torí ó ti rí ọjọ́ tí ìgbì ojú omi ń lọ síhìn-ín, tí ìṣàn abẹ́ ń wọ́ àwọ̀n lọ sọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fi atẹ́gùn ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ ibi tí òjò ń lọ, ojú omi lásán ló wò.

Ó tún kù. Afẹ́fẹ́ òkun tí ẹ rò pé ó ń lé òjò náà lọ, òun gan-an ni oúnjẹ rẹ̀. Bí òjò ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ kọjá lókè, díẹ̀ nínú rẹ̀ á gbẹ kó tó délẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á tutù, á wúwo, á já wálẹ̀, á sì tàn ká níwájú òjò. Á wọ abẹ́ afẹ́fẹ́ òkun tó gbóná, tó kún fún omi, á tì í sókè, ìyẹn á di àwọsánmà tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni ìjì náà ṣe ń kọ́ ara rẹ̀ síwájú, tó ń rìn ní nǹkan bí 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Ooru tí ẹ ń sunkún rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tí ẹ gbọ́kàn lé, àwọn méjèèjì ló ń bọ́ ọ.

Ẹ wá ṣírò ó. Òjò tó wà lórí Orè ní aago mẹ́jọ alẹ́ lè dé ọ̀dọ̀ yín ní aago mẹ́wàá, kó dé Ìkòròdú ní bí aago mọ́kànlá, kó sì wọ Badagry lẹ́yìn aago méjìlá òru. Mo ní ó lè dé o. Òmíràn á kú sọ́nà bí ilẹ̀ ṣe ń tutù, òmíràn á gba orí Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Abẹ́òkúta láì yà sí ẹ̀bá ọ̀sà rárá. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ti wá: ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n rí mànàmáná tí òjò ò sì dé. Àwọn tó dé bá lójú omi kò sí nílé láti sọ tiwọn. Bí ẹ bá wà ní Ìkòròdú tí ẹ rí i lápá Badagry, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti kọjá yín lọ nìyẹn. Ìlà-oòrùn àti àríwá ìlà-oòrùn ni kí ẹ máa ṣọ́.

Àsìkò àkọ́rọ̀, láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, àti àsìkò àrọ̀kúrọ̀ ni irú ìjì yìí wọ́pọ̀ jù. Òjò oṣù Kẹfà ń pọ̀ jù wọ́n lọ, àmọ́ kì í sábà ní irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ níwájú, èyí tó máa ń ṣí páànù ilé. Lójú ọ̀sà, afẹ́fẹ́ òkun á kọ́kọ́ dáwọ́ dúró, gbogbo nǹkan á pa rọ́rọ́, ooru á tún le sí i. Nígbà tó bá máa padà fẹ́, ìlà-oòrùn ló ti máa wá, tútù nini, lójijì, kí òjò tó kán rárá, ìgbì á sì dìde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó ń dúró de ẹ̀kán òjò kó tó kó àwọ̀n rẹ̀ ti pẹ́.

Lórí ilẹ̀, a máa ń ní kí ènìyàn ka ìṣẹ́jú àáyá láàárín mànàmáná àti ìró rẹ̀, mẹ́ta fún kìlómítà kan. Tó bá ti wá sílẹ̀ dé 30, kó wọlé, kó má sì jáde títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán gbẹ̀yìn. Lójú ọ̀sà, 30 ti kéré jù, torí kò sí ilé tí ó fẹ́ wọ̀ níbẹ̀, orí rẹ̀ ló sì ga jù lójú omi. Tí ìjì bá ká a mọ́ ibẹ̀, kó wa ọkọ̀ lọ sí èbúté tó bá súnmọ́ ọn jù, kì í ṣe ti ilé dandan, kó má sì lọ dúró sábẹ́ igi àgbọn. Láífù jákẹ́ẹ̀tì, ọrùn rẹ̀ ló yẹ kó wà, kì í ṣe abẹ́ àga ọkọ̀. Bàtà rọ́bà kì í dá àrá dúró. Ẹni tó bá sì ń gba owó lọ́wọ́ yín láti bá yín dá òjò dúró lóru kan, ẹ ní kó bá ọkọ yín wọ ọkọ̀. Èrò tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ìpakodò, ní Ìkòròdú náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín: ẹ má jẹ́ kí awakọ̀ kankan tàn yín pé kò ní pẹ́ débẹ̀.

Mo mọ ohun tí àṣà wí nípa ẹni tí àrá bá sán lù. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni náà lè má tíì kú, kò sì sí iná lára rẹ̀ mọ́, kò lè ran yín. Tí kò bá mí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn pe 767 tàbí 112.

Ní ti fóònù, odidi ọjọ́ àti agbègbè tó fẹ̀ ni àwòrán kan ṣoṣo yẹn ń ṣojú fún. Ohun tó ń wí ni pé ojú ọ̀run òní lè bí ìjì, kò sọ pé orí òrùlé yín ló máa rọ̀ sí. Ìkìlọ̀ NiMet, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ni kí ẹ máa wò, àwọn ni òfin gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Èmi ò sọ àsọtẹ́lẹ̀ alẹ́ ọ̀la níbí o, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé mo ní kò ní rọ̀.

Ooru ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹrin ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà ní góńgó orí wa gan-an, kò sì tíì jìnnà sí wa. Síbẹ̀, ooru ọ̀sán lọ́dọ̀ wa kò sábà kọjá ìwọ̀n 33 tàbí 34 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi tó kún inú afẹ́fẹ́ ni kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ lára wa, ìyẹn ló ń mú un dà bíi 40. Ẹni tó ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé Èkó máa gbóná dé 50, irọ́ ló ń pa. Òjò kan á tù yín lára fún òru kan. Tó bá di ọjọ́ kejì, ooru tún dé. Oṣù Kẹfà ló máa dẹwọ́, oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ló tutù jù. Kó tó di ìgbà náà, ẹ máa mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ yín, ẹ sì máa wo bàbá náà dáadáa: tí ara wọn bá gbóná janjan tí wọ́n ń sọ ìsọkúsọ, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe abẹ́ igi.

Yìnyín ẹja yín, ẹ tètè máa rà á láàárọ̀. Tí ìjì bá ti jà lóru, iná á lọ, àwọn tó ń ta yìnyín gan-an á máa wá yìnyín.