Èsì: Ara gbígbóná àbúrò yín ní Sierra Leone

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àníyàn o. Ẹ ní ara àbúrò yín tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ní Sierra Leone ti ń gbóná láti àná, pé ṣé kó lo oògùn ibà tó gbé láti Iléṣà.

Ẹ jọ̀ọ́, kó má tíì lò ó. Kó dá iṣẹ́ dúró lónìí, kó sọ fún ọ̀gá wọ́ọ̀dù, kó má sì fọwọ́ kan aláìsàn kankan. Ibà Lassa wà lọ́hùn-ún bó ṣe wà nílé níbí, ẹ̀jẹ̀ àti omi ara aláìsàn sì máa ń kó o ran òṣìṣẹ́. Ó lè lo ọjọ́ 2 sí 21 kó tó fara hàn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jọ ibà ẹ̀fọn gan-an.

Kí wọ́n gún un níka fún àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn. Bí ibà ẹ̀fọn bá wà lára rẹ̀, oògùn ibà tí wọ́n ń pè ní Artemether-lumefantrine 20/120 (ìwọ̀n mílígíráàmù oògùn méjèèjì inú kóró kan) ni: àgbà á lo kóró 4, kóró 4 mìíràn lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà kóró 4 láàárọ̀, 4 lálẹ́, fún ọjọ́ 2 sí i. Bó bá jẹ́ 80/480 ló wà lára páálí, ẹyọ 1 ló dúró fún 4. Ọ̀pọ̀ ń ṣì í lò níbí. Kó fi oúnjẹ ọlọ́ràá tì í, torí kì í wọ ara dáadáa nínú òfo.

Parasitámọ́ nìkan ni kó fi pa ìgbóná. Kó má fẹnu kan aspirin tàbí ibuprofen, wọ́n lè mú ẹ̀jẹ̀ dà. Bí ìgbóná kò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ 2 sí 3 oògùn, kó béèrè àyẹ̀wò Lassa ní tààrà.

Ẹ tún bi í bóyá abẹ́rẹ́ aláìsàn gún un. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, bíbẹ̀rẹ̀ oògùn ìdènà HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ náà gún un.