Alárinà kì í san owó ìdána: ìdáhùn mi fún àbúrò tó fẹ́ sọ èéfín di gáàsì

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Ẹ̀pẹ́, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn. O ní ìyá rẹ ń yan ẹja, èéfín ààrò sì ń ṣòfò lójoojúmọ́. O ní o ti rí ẹnìkan tó fẹ́ ta catalyst (èròjà tó ń mú kí nǹkan mìíràn yára para pọ̀) fún ọ, tó sọ pé bí o bá ti gba CO2, gáàsì tó ń jáde bí igi bá jó, inú èéfín náà jọ, tí o dà á gba orí catalyst yẹn kọjá, gáàsì ìdáná ni yóò máa jáde, wàá sì máa rọ ọ́ sínú sílíńdà tà. O wá ń béèrè bóyá kí o fi owó àjọ ìyá rẹ rà á. Jọ̀wọ́, má tíì san kọ́bọ̀. Mo ti rin ọ̀nà yìí ní Ìmọ̀ta níbí, nítòsí Ìkòròdú, fún nǹkan bí ọdún méjì, owó tó bá a lọ kò sì kéré.

Ẹ jẹ́ ká ti orí eérú bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ mọ eérú jù mí lọ. Bí igi bá ti jó tán, kò sí iná mọ́ nínú eérú rẹ̀. O lè fẹ́ ẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní gbiná. CO2 náà, eérú ni, eérú tí a kò fojú rí. Kábọ́ọ̀nù inú igi ti jó, ó ti so mọ́ ọ́síjìn, gbogbo agbára tó ní ló ti tú sílẹ̀ sábẹ́ ẹja. Bí o bá fẹ́ kó tún di ohun tó ń jó, àfi kí o dá agbára yẹn padà fún un, tòun tèlé. Háídírójìn, gáàsì tó ń jó tí a lè yọ lára omi, la sábà máa ń fi dá a padà.

Catalyst wá ńkọ́? Alárinà ni. Ó ń mú ìdílé méjì tí ì bá máa wo ara wọn lókèèrè jókòó pọ̀, ọ̀rọ̀ á yá. Bójú bá mojú tán, alárinà á yẹ̀bá, kò sì ní dín kù. Ṣùgbọ́n alárinà kì í san owó ìdána. Háídírójìn ló ń san án, kì í sì í wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ẹni tó ń tajà fún ọ kò sọ nìyẹn.

Èmi ń sin adìẹ ẹlẹ́yin, mo sì ti ṣiṣẹ́ rí ní yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀dọ̀gùnyàn. Ìgbẹ́ adìẹ ni mo ń dà sínú táńkì tó ń ṣe gáàsì fún mi. Nínú irú gáàsì bẹ́ẹ̀, bí ìdá 60 nínú 100 ni mítéènì tó ń jó; CO2 ló kó ọ̀pọ̀ jù nínú ìyókù, kò sì wúlò fún mi. Mo wò ó pé bí mo bá fi háídírójìn kún un, tí mo dà á gba orí níkẹ́ẹ̀lì (irú irin kan) gbígbóná, CO2 yẹn náà á di mítéènì. Kì í ṣe irọ́. Paul Sabatier, ará Faransé, ló la ọ̀nà náà, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1912 torí pé ó fi bí irin tí a lọ̀ kúnná ṣe ń so háídírójìn mọ́ nǹkan mìíràn hàn.

Mo ra níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi bo hóró alúmínà, ohun líle bí àfọ́kù tánganran, lára lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń ta àlòkù ilé iṣẹ́. Àbúrò ọkọ mi tó ń ṣe wẹ́dà bá mi ṣe páìpù irin tí kì í dípẹtà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Mo pààrọ̀ ìwọ̀n ooru, mo pààrọ̀ gáàsì, mo tú gbogbo rẹ̀ mo tún un tò. Ìgbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé níkẹ́ẹ̀lì tó ti pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ ti gbé ọ́síjìn wọ̀ bí ẹ̀wù. Àfi kí o kọ́kọ́ fi háídírójìn bọ́ ẹ̀wù yẹn lára rẹ̀, nínú ooru tó lé ní 400°C, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kó tó lè ṣe iṣẹ́ kankan.

Mo bọ́ ọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán lẹ́nu páìpù. Omi yẹn ni àmì: háídírójìn tó bá gba ọ́síjìn lọ́wọ́ CO2, omi ló ń dà. Mo pe ọkọ mi jáde lóru kó wá wò ó.

Ọjọ́ mẹ́rin péré. Ní ọjọ́ karùn-ún, omi dáwọ́ dúró. Imí-ọjọ́ ló pa á. Ìgbẹ́ adìẹ kún fún un, òun ló ń mú kí gáàsì náà máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Imí-ọjọ́ a máa rọ̀ mọ́ ojú níkẹ́ẹ̀lì, kì í sì í kúrò mọ́, CO2 àti háídírójìn kò ní rí ibi jókòó. Owó ọjà yẹn wọlẹ̀ lọ. Ohun tó gbà mí níkẹyìn kò wọ́n rárá: kànrìnkàn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò, tí mo bu omi sí títí ó fi dípẹtà, tí mo kì sínú ike tí gáàsì ń gbà kọjá. Ìpẹtà a máa gbá imí-ọjọ́ mú. Kí n tó gbàgbé: gáàsì olóòórùn ẹyin yẹn ń pa ènìyàn, bó bá sì ti pọ̀ ju, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Má fi imú rẹ ṣe òṣùwọ̀n láé.

Ìgbà kẹta ló dẹ́rù bà mí jù. Ìpàdé CO2 àti háídírójìn máa ń mú ooru jáde, ooru náà á tún mú un yára sí i. 300°C ni mo fi sí, mo yíjú kí n lọ bomi fún adìẹ. Nígbà tí mo padà, ó ti lé ní 600, páìpù ti pọ́n. Níkẹ́ẹ̀lì kúnnákúnná tó wà lára hóró ti dì mọ́ra bí iyọ̀ tí omi kàn, kò sì wúlò mọ́. Bí ooru bá sì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, mítéènì fúnra rẹ̀ á máa tú padà sí ohun tí a fi ṣe é. Láti ìgbà náà, àfọ́kù tánganran ni mo ń pò mọ́ catalyst kí iná má bàa wà lójú kan, mo sì ń jẹ́ kí gáàsì máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ewu mìíràn wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà náà: bí CO, gáàsì olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó léwu ju CO2 lọ, bá bá níkẹ́ẹ̀lì tó ń tutù pàdé, wọ́n lè para pọ̀ di gáàsì olóró tó burú jáì. Kì í ṣe iṣẹ́ àgbàlá tí ọmọdé ń sáré kiri.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wá tò, iná aláwọ̀ búlúù jó lórí sítóòfù mi. Mo sunkún ayọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo lọ wo mítà.

Kílò mítéènì kan gba CO2 kílò 2.75 àti ìdajì kílò háídírójìn. Láti fi iná mànàmáná la omi kí o tó rí ìdajì kílò yẹn, ẹ̀rọ tó dára yóò jẹ bíi yúnìtì 25. Tèmi jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kílò mítéènì ọ̀hún, bí o bá jó o tán, ooru tó lè fún ọ kò ju bíi yúnìtì 14 lọ. Bí o bá dà á sí jẹnẹrétọ̀ kékeré, yúnìtì 3 tàbí 4 lo máa rí gbà padà. Kílò 12.5, ìwọ̀n sílíńdà tí gbogbo wa mọ̀ nílé, yóò jẹ iná tó lé ní yúnìtì 300. Fi iye tí ẹ ń ra yúnìtì kan ní Ẹ̀pẹ́ ṣírò rẹ̀, kí o sì fi ìdáhùn han ìyá rẹ.

Ti sílíńdà yẹn gan-an, jọ̀wọ́ gbọ́ mi. Gáàsì tí à ń rà lọ́jà máa ń di olómi bí a bá fún un pọ̀ díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń gba inú sílíńdà tínrín. Mítéènì kì í di olómi nínú ooru ilẹ̀ wa, bó ti wù kí o fún un tó. Ẹni tó ní kí o rọ mítéènì sínú sílíńdà ìdáná ń rán ọ lọ sínú ewu.

Èéfín ààrò tún yàtọ̀ sí gáàsì táńkì mi. Náítírójìn inú afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, CO2 kò tó nǹkan, ẹ̀dú àti ọ̀dà sì kún inú rẹ̀. Láti ya CO2 sọ́tọ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ ńlá mìíràn ni, kí o tó dé ọ̀dọ̀ catalyst rárá.

Ẹnìkan dá sí ọ̀rọ̀ rẹ pé kí o fi bàbà sínú omi kí o sì gbé iná mànàmáná sí i. Òótọ́ ni pé bàbà lè sọ CO2 di gáàsì tó ń jó. Yoshio Hori, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Japan, ti fi hàn ní àárín àwọn ọdún 1980 pé mítéènì àti ẹ́tílíìnì, gáàsì mìíràn tó ń jó, lè jáde lára rẹ̀. Àmọ́ àdàlù ló ń jáde, iná mànàmáná náà ṣì ni yóò sanwó.

Mi ò ní kí o kórìíra ìmọ̀ yìí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dé ọkàn. Ní Svartsengi ní Iceland, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ kan ní 2012 tó ń sọ CO2 di mẹ́tánọ́ọ̀lù, ohun olómi tó ń jó; nígbà tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i, ó lè ṣe bíi tọ́ọ̀nù 4,000 lọ́dún. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ ló fún wọn níná, láti inú rẹ̀ náà ni CO2 wọn ti jáde. Wọ́n ní owó ìdána nílé.

Eérú kì í jó mọ́, àmọ́ a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Bẹ́ẹ̀ náà ni CO2 ṣe wúlò bí a kò bá fipá mú un láti jó. Nítòsí yín ní Ìbejú-Lẹ́kí, ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote tí wọ́n ṣí ní 2022 lè ṣe yúríà mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ́dún. Yúríà, ajílẹ̀ funfun oníhóró yẹn, CO2 àti amóníà (gáàsì olóòórùn líle) ni wọ́n fi ń ṣe é. Tọ́ọ̀nù yúríà kan ń gbé CO2 tó lé ní kílò 700 mì. Lóòótọ́, ó ń padà sáfẹ́fẹ́ nígbà tí ajílẹ̀ bá tú nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàdo ti jẹun.

Èmi ti fi níkẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Mo ń yọ imí-ọjọ́ kúrò, mo sì ń jó gáàsì bó ṣe wà, tòun ti CO2 rẹ̀. Mo kàn fẹ ihò sítóòfù díẹ̀. Òun ló ń mú ara àwọn òròmọdìẹ mi gbóná. Bó bá jẹ́ owó mi ni owó àjọ yẹn, ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀ ni mo máa fi mọ fún ìyá rẹ.

Páìpù náà ṣì wà lẹ́yìn ilé adìẹ, pípọ́n tó pọ́n ṣì hàn lára rẹ̀. Bí o bá gba ọ̀nà Ìtòkín lọ́jọ́ Sátidé, Ìmọ̀ta kò jìnnà sí ọ. Mú ìwé tí ẹni náà fún ọ dání, kí a jọ wo ohun tó kọ síbẹ̀ pé ó wà nínú catalyst rẹ̀.